Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Etí Òkun Láàrin Ọjọ́ Kan

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìrìnàjò afẹ́ tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀sì ńlá ṣe, ohun tó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa ni àwòrán etí òkun Mẹditaréníà: gúúsù ilẹ̀ Faransé, Ítálì àti Spéìn, níbi tí oòrùn ti ń ràn sórí omi, tí afinimọ̀nà di gbohùngbohùn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, tí àwọn arìnrìnàjò sì ń ya fọ́tò láti ojú fèrèsé. A ti rí i lórí fóònù wa títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sú wa. Ẹni tó bá fẹ́ lọ fojú ara rẹ̀ rí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ físà, kí ó kó ìwé báńkì rẹ̀ sílẹ̀ kí àjèjì yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì máa gbàdúrà. Èmi kò bá Mẹditaréníà jà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lè jókòó sínú bọ́ọ̀sì ní òwúrọ̀, kí ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀kan lára àwọn yàrà tó tóbi jù lọ tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà, kí ó jẹ ẹja tútù ní etí ọ̀sà, kí ó fi ẹsẹ̀ tẹ yanrìn etí òkun Àtìláńtíìkì, kí ó sì padà sùn sórí ibùsùn rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ ni mo bá wọn lọ ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Èrèlé, nígbà tí òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀, tí oòrùn sì ti ń mú ganrínganrín láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Àwa tí a wà nínú ọkọ̀ kò tó ọgbọ̀n: àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tí wọ́n wá lo òpin ọ̀sẹ̀ nílé, tọkọtaya mẹ́ta, ìyá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, àti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó dé fìlà abetí ajá, tó sì mú ìwé kékeré kan dání láti máa kọ ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì náà mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Mo sọ èyí nítorí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀sì ni a sanwó fún. Ẹni tó ní mọ́tò lè wa ara rẹ̀ gba ọ̀nà yìí kọjá nígbà ọgọ́rùn-ún, kí ó má sì rí nǹkan kan ju igbó, ilé epo àti àwọn tó ń ta búrẹ́dì lọ. Afinimọ̀nà ni a sanwó fún. Tiwa jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin ọmọ Ìjẹ̀bú tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn ní yunifásítì. Ohùn rẹ̀ tutù, kì í pariwo, kì í sì í sọ pé ohun gbogbo ló tóbi jù lọ láyé. Ní kété tí ọkọ̀ gbéra ni ó ti kìlọ̀ fún wa pé nǹkan méjì ni òun yóò máa sọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ohun tí àwọn àgbà wí, àti ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pò wọ́n pọ̀," ó ní. "Bí wọ́n bá sì ta ko ara wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ta kora." Láti ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ibi àkọ́kọ́ tí a dúró sí kò gbà wá lákòókò: ère Ọbańta ní àárín ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ń kọjá lára ère náà láti kékeré láì béèrè ohunkóhun. Ohun tí àwọn àgbà wí ni pé nígbà tí ọmọ aládé náà dé, igbe tí àwọn ará ìlú ń ké ni pé ọba wà ní ìta, inú igbe yẹn ni orúkọ rẹ̀ sì ti jáde. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ gba iwájú ààfin Awùjalẹ̀ kọjá, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí à ń pè ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti máa ń jó wọlé ní ọjọ́ kẹta Iléyá fún Ojúde Ọba. Inú ọkọ̀ dákẹ́ díẹ̀ nígbà tí ó dárúkọ Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960, tó sì wàjà ní oṣù Agẹmọ ọdún 2025. Títí di ọjọ́ náà, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti pé ọgọ́ta ọdún kò mọ Awùjalẹ̀ mìíràn rí láyé rẹ̀.

Òkè-Ẹ̀rì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Níbẹ̀ ni ojú oórì Bílíkísù Sùngbọ́ wà. Ohun tí àwọn àgbà wí nípa rẹ̀ ni pé opó ọlọ́rọ̀ kan ni, ó ní owó, ó ní ènìyàn, ṣùgbọ́n kò bímọ. Nítorí kò fẹ́ kí orúkọ òun parẹ́, ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà kan yí ilẹ̀ náà ká gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Àwọn mìíràn tún lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní òun gan-an ni Ayaba Ṣébà tó lọ bẹ Sólómọ́nì wò, ẹni tí Bíbélì sọ ìtàn rẹ̀, tí àwọn Mùsùlùmí mọ̀ sí Bilikísù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń wá láti ọ̀nà jíjìn láti gbàdúrà níbẹ̀. Wọ́n tún ní koríko kì í hù lórí oórì náà.

Láti ìgbà tí òkìkí ibẹ̀ ti kàn káàkiri ayé ní 1999 ni àwọn oníròyìn ti ń kọ ọ́ pé obìnrin àti ajá kì í fojú kan oórì náà. Afinimọ̀nà wa kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Ó fi àwọn ọkùnrin lé bàbá kan lọ́wọ́ kí ó mú wọn wọlé, ó sì ní kí àwa obìnrin bá òun dúró lábẹ́ igi. Oórì obìnrin, obìnrin kò gbọdọ̀ wò ó! Èmi ń rò ó lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìyá àgbà inú ọkọ̀ wa ni ó là á mọ́lẹ̀: "Ẹ gbà mí o. Bí Sùngbọ́ fúnra rẹ̀ bá jí dìde báyìí, ṣé wọn ò ní sọ pé kó dúró síta?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rín náà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Bí àwọn ọkùnrin ti ń gba àdúrà nínú lọ́hùn-ún, àwa tí a wà níta ń gba ẹ̀kọ́. Afinimọ̀nà sọ fún wa pé Peter Lloyd ti kọ̀wé nípa Erédò ní 1959, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ kò ta títí di 1999, nígbà tí Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn láti Yunifásítì Bournemouth ní Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìròyìn rẹ̀ jáde. Ohun tí a kọ́kọ́ ń gbọ́ ni pé odi náà ti lé ní 1,000 ọdún. Lẹ́yìn náà ni Ọlánrewájú Lásìsì àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Gérard Chouin tún ilẹ̀ wà, tí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò èédú tí wọ́n bá nínú erùpẹ̀. Èsì tí wọ́n rí ni pé àárín 1370 sí 1420 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Sólómọ́nì inú Bíbélì ti kú fún ohun tó lé ní 2,000 ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́ sókè níbẹ̀.

"Ṣé irọ́ wá ni Sùngbọ́?" Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó tó bá wa lọ ni ó béèrè.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí," afinimọ̀nà dáhùn. "Ṣébà ni mo sọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ti Sùngbọ́, èédú kì í sọ orúkọ ẹni tó dá iná."

Mo rò ó wò, mo sì rí i pé ó tọ́. Gbogbo ìlú àti abúlé tí yàrà yìí kọjá lára wọn ló kún fún ọba ọkùnrin àti jagunjagun ọkùnrin tí wọn ìbá fi iṣẹ́ náà fún. Síbẹ̀, obìnrin kan tí kò bímọ ni ìtàn fi í fún. Èyí kò jẹ́ ẹ̀rí tí wọ́n lè gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n èmi ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e jù nù nítorí pé a fẹ́ Ayaba Ṣébà dandan. Ṣébà ni ó ń bo Sùngbọ́ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ Sùngbọ́ nìkan ti tó wa.

Láti ibẹ̀ ni a ti lọ wo Erédò fúnra rẹ̀. Ẹ má retí òkúta. Kò sí bíríkì kan ṣoṣo níbẹ̀. Yàrà ni, wọ́n gbẹ́ ẹ sísàlẹ̀, wọ́n sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti fi mọ odi. Bí a bá wọn gbogbo àyíká rẹ̀, ó tó kìlómítà 160. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé góńgó odi tó mítà 20, èyí tó ga tó ilé alájà mẹ́fà. Darling ṣírò pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde ju òkúta tí wọ́n fi kọ́ píírámíìdì tó tóbi jù ní Íjíbítì lọ. Kò sì sí katakata nígbà náà.

Ojú ọ̀nà gbóná bí ààrò, ṣùgbọ́n ní kété tí a sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà, òtútù kí wa káàbọ̀. Igi ti pàdé lórí wa, ewéko tútù ti bo ògiri méjèèjì, oòrùn sì ń yọ́ wọlé bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń pariwo láti òwúrọ̀ dákẹ́. Nǹkan kan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni afinimọ̀nà ṣàlàyé níbẹ̀: àwọn tó gbẹ́ yàrà náà kò wá jíjìn nìkan. Wọ́n ń gbẹ́ ẹ títí wọn yóò fi kan omi tàbí amọ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè máa rin. Níbi tí omi bá ti sún mọ́ òkè, wọ́n lè má gbẹ́ ju mítà kan péré lọ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Wọ́n sì ti rí àwọn ère kékeré tí wọ́n gbé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ibì kan àti òmíràn. Ẹni tó ń sá fún ọ̀tá nìkan kọ́ ló ń ṣe irú èyí. Ààlà ni wọ́n ń fi lélẹ̀, ààlà tó ní agbára mìíràn lẹ́yìn gíga rẹ̀.

Ìbànújẹ́ ibẹ̀ kò farasin. Kò jìnnà síbi tí a dúró sí, ẹnì kan ti gé lára odi náà láti kó erùpẹ̀ lọ, ẹlòmíràn sì ti fi òpó kọnkéré sàmì sí ilẹ̀ tirẹ̀ dé etí yàrà. Láti 1995 ni orúkọ Erédò ti wà nínú ìwé tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí UNESCO gẹ́gẹ́ bí ibi tó ń retí kí wọ́n kà á mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó ṣì ń retí. Ní gbogbo àkókò yìí, ilẹ̀ ń wọ́n sí i ní Ìjẹ̀bú àti ní Ẹ̀pẹ́, àwọn tó ń kọ́lé kò sì retí UNESCO. Bí mo bá ní àṣẹ, mo ìbá fi pátákó ìkìlọ̀ sí gbogbo ibi tí ọ̀nà ti gé e kọjá kí n tó na kọ́bọ̀ kan lórí ayẹyẹ.

Bàbá onífìlà abetí ajá ni ó béèrè ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lọ ní ọjọ́ náà. Ó gbójú sókè láti inú ìwé kékeré rẹ̀, ó ní: "Ọmọ mi, ẹni tó bá mọ odi ní nǹkan tó ń ṣọ́. Kí ni àwọn wọ̀nyí ń ṣọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó di Ẹ̀pẹ́, Bàbá," ni ìdáhùn rẹ̀.

Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ kò gùn, ṣùgbọ́n ó kún fún ìtàn. Gúúsù ni àwa ń dà kọ. Ní oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 1892, àríwá ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dà kọ ní ọ̀nà kan náà. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gba ojú ọ̀sà láti Èkó, wọ́n gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn gòkè. Ohun tó fà á ni owó bodè àti àṣẹ ọ̀nà. Ìjẹ̀bú ló wà láàrin ọ̀sà àti àwọn ìlú òkè, wọn kì í sì í jẹ́ kí àjèjì kọjá láti lọ ṣòwò fúnra rẹ̀. Ìjọba Èkó, lábẹ́ Gómìnà Carter, ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà, kí wọ́n sì máa gba £500 lọ́dún dípò owó bodè. Àdéhùn náà kò kalẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà ni wọ́n jà ní etí odò Yemòjí lẹ́bàá Ìmàgbọ̀n. Ìbọn Maxim tí ń yọ ọta bí òjò ni ó parí ọ̀rọ̀, ní ọjọ́ kejì sì ni wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Awùjalẹ̀ Tùnwàṣe ló wà lórí ìtẹ́. Afinimọ̀nà ní kí awakọ̀ rọra nígbà tí a sún mọ́ ibẹ̀. Ó dárúkọ odò náà, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì. Nǹkan tó mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ìgbà tó yẹ kí ó pa gbohùngbohùn.

Ẹ̀pẹ́ là wá lójú lẹ́yìn igbó náà, omi títí lọ, ọkọ̀ ojú omi lórí rẹ̀, oòrùn ọ̀sán sì ń ta lórí ọ̀sà débi pé a fi ọwọ́ ṣíji bojú. A kọ́kọ́ rin ọjà Olúwo já, níbi tí àwọn ìyá ti ń pàtẹ àrọ̀, ẹ̀pìyà, òbòkún, edé àti alákàn tó ṣì ń rìn. Ìyá àgbà wa ra ẹja títí awakọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bákan. Lẹ́yìn náà ni a jókòó sí abẹ́ àtíbàbà kan létí omi. Afinimọ̀nà ní kí a kọ́kọ́ jẹun, ṣùgbọ́n bàbá kò gbà. Ó ní ìdáhùn òun dà.

Ohun tó sọ rèé. Láàrin 1505 sí 1508, atukọ̀ ará Pọtogí kan tó ń jẹ́ Duarte Pacheco Pereira kọ ìwé nípa etí òkun Áfíríkà. Ó kọ nípa ìlú ńlá kan tó pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká, tí wọ́n ń pe ọba rẹ̀ ní Agusale. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò ní dá orúkọ méjèèjì mọ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àjèjì ló kọ wọ́n. Pacheco sì kọ ohun tí ènìyàn lè rà níbẹ̀: eyín erin díẹ̀, àti ẹrú. Ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15 ni iye owó ènìyàn kan.

"Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ nìyẹn, Bàbá," ó ní. "Ọ̀nà. Ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde. Idẹ ń wọlé, aṣọ ń jáde, eyín erin ń jáde. Ènìyàn náà ń jáde."

Bàbá náà pa ìwé rẹ̀ dé. "Ọmọ mi, ìgbádùn la wá ṣe. Kí ló dé tó o fi ń kó ẹrú wọ inú ẹja tí a fẹ́ jẹ?"

"Ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ bi mí léèrè."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn ní bàbá sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ sì di àríyànjiyàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àwọn òyìnbó ló yẹ kí a máa dá lẹ́bi, kì í ṣe ara wa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ta ló kó àwọn ènìyàn náà dé etí omi fún wọn. Afinimọ̀nà kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó fi kún un pé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Ọ̀pẹ 1851, etí omi tí a jókòó sí yìí ni ó sá wá, tí Awùjalẹ̀ sì gbà á. Ibẹ̀ ni ó wà títí di 1862. Àwọn tó bá a wá ni wọ́n ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́, àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀ ni Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ sì ṣì ń ṣe ọdún Káyọ̀káyọ̀ láti rántí bí wọ́n ṣe dé. Kòsọ́kọ́ náà kì í ṣe ẹni tí òwò ẹrú jìnnà sí. Afinimọ̀nà sọ ìyẹn pẹ̀lú.

Lójú tèmi, ohun tó mú ìrìnàjò náà níyì ni ibi tí àwọn kan ti fẹ́ kí ó dákẹ́. Etí omi tó lẹ́wà kò ṣòro láti rí, orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló ní in. Jénóà àti Fẹ́nísì tí à ń wò lórí fóònù náà ta ẹrú rí, ilé ńláńlá wọn sì ń tàn nínú oòrùn títí di òní. Ṣùgbọ́n bí mo bá máa jókòó ní Ẹ̀pẹ́ kí n máa jẹ àrọ̀, mo fẹ́ mọ ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá tí kò padà wá. Bí ìyẹn bá ba oúnjẹ ẹnikẹ́ni jẹ́, kó bàjẹ́ díẹ̀.

Kò ba tèmi jẹ́ pátápátá, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n gbé wá, ewùrà tí wọ́n rin tí wọ́n sì sè pẹ̀lú ẹja yíyan àti epo pupa, àti ẹ̀bà gàrí Ìjẹ̀bú tó ti tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ó ti yẹ. Àwọn ará Èkó inú wa béèrè pé ṣé wọn ò lè tún ẹ̀bà náà gbé kaná ni. Ìyá àgbà wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Nígbà tí a fi jẹun tán, bàbá onífìlà ti ṣí ìwé rẹ̀ padà, ó sì ń bi afinimọ̀nà léèrè bí wọ́n ṣe ń kọ Pacheco sílẹ̀.

Láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí etí òkun, ojú ọ̀nà yí padà. Ọkọ̀ akẹ́rù ló kún ojú títì. Èbúté ńlá Lẹ́kí, tí wọ́n ṣí ní oṣù Ṣẹrẹ 2023, àti ilé ìfọpo Dangote, tí wọ́n ṣí ní oṣù Ẹ̀bìbí ọdún náà, ni wọ́n ń lọ. Ilé ìfọpo náà lè fọ àgbá epo 650,000 lóòjọ́. Láti 2024 ni wọ́n sì ti ń ṣe títì etí òkun láti Èkó dé Calabar, kìlómítà 700, bí wọ́n bá parí rẹ̀. Ó ń wù mí kí títì náà parí, nítorí òun ni yóò jẹ́ kí àwa náà lè fi bọ́ọ̀sì gba etí òkun lọ láti ìlú kan dé òmíràn bí wọ́n ti ń ṣe ní Mẹditaréníà. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn ibi tí wọ́n ti wó ilé àti ṣọ́ọ̀bù kúrò nítorí rẹ̀, mo sì rántí yàrà tí wọ́n ń gé ní òwúrọ̀.

Ó yẹ kí a dé ìlú Lẹ́kí gan-an, níbi tí ìjọba ti há Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, mọ́ ní 1962. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ akẹ́rù kò jẹ́ kí a dé ibẹ̀. Afinimọ̀nà sọ ìtàn rẹ̀ nínú ọkọ̀, a sì yà sí Akódò.

Òkun Àtìláńtíìkì kò fẹ̀lẹ̀ bí ti inú àwòrán. Ìgbì rẹ̀ ń wó lulẹ̀ bí ilé, ó sì ń fà ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, bó ti wù kí ẹ mọ̀ ọ́n tó. A bọ́ bàtà, a jẹ́ kí omi dé kókósẹ̀ wa, a mu omi àgbọn. Ọmọ-ọmọ ìyá àgbà wa, tí kò rí òkun rí láyé rẹ̀, béèrè pé níbo ni ó parí sí. Ìyá rẹ̀ àgbà ní kó bi Àǹtí. Afinimọ̀nà na ìka sí gúúsù, ó ní bí ènìyàn bá ń lọ tààrà láti ibi tí a dúró sí, kò ní kan ilẹ̀ títí yóò fi dé ibi yìnyín ní ìsàlẹ̀ ayé. Ọmọ náà wò ó títí, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbẹ́ yanrìn. Yàrà ló ń gbẹ́. Omi wọ inú rẹ̀ kíá.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: oṣù Bélú títí dé Ẹrẹ́nà ni ó dára jù, nítorí ẹ̀gbẹ́ yàrà máa ń yọ̀ nígbà òjò. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ yín, kí ẹ mú omi dání, kí ẹ sì mú ìborùn tàbí aṣọ tó bo apá fún Òkè-Ẹ̀rì. Ẹ kó owó tó wà lọ́wọ́ sápò, nítorí nẹ́tíwọ́kì lè jáni kulẹ̀ ní ọjà Olúwo. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ẹni tí yóò jẹ́ afinimọ̀nà yín àti ohun tó mọ̀. Bí wọ́n bá ní awakọ̀ ni yóò ṣàlàyé, ẹ wá òmíràn. Ẹ fi iyàrá ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀ fún ẹja àwọn ìyá àgbà. Aago méje òwúrọ̀ ni ọkọ̀ ń gbéra. Ẹni tó bá pẹ́ yóò gun ọ̀kadà bá wọn ní Òkè-Ẹ̀rì.